Gbàǹjo Iwájú Ilé Panápaná

Àlejò kì í pẹ́ nílé opó kó má di ẹbí. Ọjọ́ méjì péré ni Ìyá Šarlota ti lò lọ́dọ̀ Otília, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yọjú lójú fèrèsé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yẹn, tó rí àwọn méjèèjì nídìí tábìlì ilé ìdáná, tí ọ̀kan ń bó ọ̀dùnkún, tí èkejì ń gé e sínú ìkòkò, ojú ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni ì bá fi wò wọ́n. Otília ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ìyá Šarlota ti kọjá ọgọ́rin. Ọkọ Otília ti sùn sí itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì sì wà ní Linz, lẹ́yìn ààlà, níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀ àwọn arúgbó ẹlòmíràn gbowó, tí ìyá tiwọn ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀ nílé.

"Otília, ọwọ́ ẹ ti wúwo jù nídìí iyọ̀."

"Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní iyọ̀ rẹ̀ dára lánàá."

"Àná ọ̀tọ̀, òní ọ̀tọ̀. Lánàá, ojú àlejò ni mo ń ṣe. Lónìí mo ti di onílé, mo lè sọ òótọ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ìyá Šarlota ń sọ èdè ìlú náà bí àwọn ìyá àgbà ayé ijọ́un ṣe ń sọ ọ́, pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí Otília kò gbọ́ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Bí ó bá ti la ẹnu, ńṣe ló máa ń ṣe Otília bí ẹni pé ìyá òun ló tún padà wá jókòó sórí àga yẹn.

"Tí ìgbà ìrúwé bá dé, màá mú ọmọ mi obìnrin wá," ni ìyá arúgbó náà wí. "Kò mọ ibí rí. Ṣé wàá gbà wá?"

"Bí ẹ ò bá wá, Màmá, ta ló máa bá mi jà lórí iyọ̀?"

Ohun tó gbé Ìyá Šarlota wá láti Haifa lókè òkun kò fara sin fún ẹnikẹ́ni nílùú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú èyí tó kọjá, àwọn òṣèré ti wá ya fíìmù kan níbẹ̀, nípa bí wọ́n ṣe kó àwọn Júù ìlú náà lọ lọ́dún 1942, nígbà ogun, tí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò padà. Gbogbo ará ìlú tó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kópa nínú rẹ̀: wọ́n wọ aṣọ àtijọ́, wọ́n sì dúró níbi tí wọ́n bá ní kí wọ́n dúró. Fíìmù náà ti parí wàyí. Olùdarí rẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Zora, ti ṣèlérí pé ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i, ó sì wá Ìyá Šarlota rí, ọmọbìnrin bàbá Júù kan tó máa ń fi dígí sí fèrèsé àwọn èèyàn nílùú náà, ẹni tí wọ́n gbé sá lọ ní ọmọ ọdún méje. Òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó wà nílùú ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Ìdí nìyẹn tí olórí ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Cyril, fi wá bẹ Otília pé kó gba àlejò náà sílé.

Otília gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó fún un ní yàrá tó kọjú sí oòrùn, ó sì tẹ́ perina rẹ̀ tó dára jù lọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Láti ibi perina yẹn ni ìdààmú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní agbègbè wọn, perina kì í ṣe ìbora lásán. Ọrọ̀ obìnrin ni. Ìyẹ́ àyà àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn ló ń wà nínú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà òtútù, àwọn obìnrin a yí tábìlì ká, wọn a máa ya ìyẹ́ kúrò lára ọ̀pá àárín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ṣèèṣì sín, tí ìyẹ́ fò káàkiri, èébú ni yóò gbà. Ìyẹ́ kì í jẹrà. Bí aṣọ perina bá gbó, wọn a tú u, wọn a sá ìyẹ́ rẹ̀ sóòrùn, wọn a rán aṣọ tuntun, wọn a sì dà á padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi kún un. Nítorí náà, ọmọbìnrin tó ń relé ọkọ lónìí lè máa fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n pa kí wọ́n tó gbé ìyá ìyá rẹ̀ níyàwó bora.

Nígbà tí Otília wà lọ́mọdé, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ di ẹnu àpò mú lọ́jọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ perina yẹn gan-an. Ìyá rẹ̀ ti ọwọ́ bọ ìyẹ́ náà, ó ní, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, "Ìdajì inú èyí, gbàǹjo ni ìyá mi ti rà á, níwájú ilé panápaná, lọ́dún tí wọ́n kó àwọn Júù lọ." Otília bi í pé ti ta ni tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní, "Ìyẹ́ ò lórúkọ. Di ẹnu àpò mú dáadáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti sùn nínú Otília bí òkúta tó sùn sísàlẹ̀ odò, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àfi lánàá, nígbà tí Ìyá Šarlota jókòó ti tíì rẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ Regina, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà.

"Ìgbà òtútù mẹ́fà ni ìyá mi fi ya ìyẹ́ fún perina ìgbéyàwó Regina. Regina ní òun ò fẹ́. Ó ní òun á lọ sí Bratislava, òun á máa fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora bí ọ̀làjú." Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ní oṣù kẹta, wọ́n pe àwọn ọmọge. Wọ́n ní iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe, ní ilé iṣẹ́ bàtà. Ìyá mi ní kó gbé perina náà dání nítorí òtútù. Regina ní wọn ò gba ẹrù ńlá. Inú àpótí ló ṣì wà lọ́jọ́ tí bàbá mi mú mi kọjá ààlà lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi ní Hungary. N ò mọ ibi tó gbà lẹ́yìn ìgbà náà."

Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́. Otília dìde, ó lọ ṣí ojú ààrò wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan lórí iná.

Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù kan ti bà lé e. Kì í ṣe pé ìyá náà lè mọ ìyẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹ́. Ẹ̀rù fíìmù ló ń bà á. Wọ́n ti ya gbàǹjo náà, níbi tí wọ́n ti ta ẹrù àwọn tí wọ́n kó lọ, níwájú ilé panápaná gẹ́gẹ́ bó ti ṣẹlẹ̀, Otília fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Zora ti sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá yà ni aráyé máa ń rí. Àdúrà kan ṣoṣo tí Otília gbà ní Máàsì àárọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn: kí wọ́n ti gé gbàǹjo dànù. Bí wọ́n bá ti gé e, ìgbà ìrúwé yóò dé, ìyá àtọmọ yóò wá, ilé náà yóò sì tún ní ohùn.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, wọ́n jáde lọ wo fíìmù náà. Vilma, aládùúgbò Otília, ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọgbà, pẹ̀lú fìlà tó fi ń lọ sí ìsìnkú àti ìgbéyàwó.

"Màmá, ẹ la ojú yín sílẹ̀ dáadáa o! Èmi ni mo wọ ìborùn aláwọ̀ ewé. Wọ́n ní mo sanra jù fún ẹni tó wà lójú ogun, wọ́n wá fi ọ̀já dì mí níkùn títí mi ò fi lè mí."

"Àwọn tó sanra wà lójú ogun dáadáa," ni Ìyá Šarlota fèsì. "Ó kàn jẹ́ pé wọn kì í dúró níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù."

Vilma rẹ́rìn-ín títí tó fi di Otília lápá mú. "Otília, ibo lo ti rí ìyá yìí? Ẹnu ẹ̀ mú ju tèmi lọ!"

Gbọ̀ngàn àṣà ìlú ti kún. Àwọn tí wọn kò wọ ibẹ̀ láti ọdún gbọọrọ wá pẹ̀lú ọmọ àti kéèkì, àfi bí ẹni pé ìrìbọmi ni. Wọ́n fi Ìyá Šarlota sí ìlà iwájú, Otília jókòó tì í, apá wọn méjèèjì sì jọ wà lórí ìgbápálé àga kan náà. Olórí ìlú sọ̀rọ̀ ṣókí, ó gbàgbé orúkọ àlejò lẹ́ẹ̀kan, ó tọrọ àforíjì. Zora, obìnrin tín-ín-rín tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò bá wọn jókòó níwájú. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Wọ́n pa iná. Ìlú wọn yọ lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú, láìsí wáyà iná, láìsí táyà níwájú òtẹ́ẹ̀lì.

"Ferko! Ferko nìyẹn! Ta ló fá irùngbọ̀n ẹ?"

"Ìyàwó ẹ ni!"

"Ajá mi! Ẹ wò ó, ajá mi ló ń sá lọ yẹn, kì í gbọ́ràn, títí dé inú fíìmù!"

"Ẹ dákẹ́ ẹnu yín," ni olórí ìlú wí, ṣùgbọ́n nígbà tí òun alára kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó gbàgbé, ó na ìka. Ojú ti Otília nítorí àlejò rẹ̀. Ó fẹnu sún mọ́ etí rẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Šarlota na ọwọ́ dá a dúró.

"Jẹ́ kí wọ́n pariwo. Sinimá ìgbà tèmi, àwọn èèyàn ń bá aṣọ funfun jà ni."

Báyìí ni fíìmù náà ṣe jẹ́ kí wọ́n wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, bí olóko tó jẹ́ kí àwọn ẹyẹ kọ́kọ́ jẹun kó tó fa okùn. Kò fi ẹ̀jẹ̀ hàn wọ́n. Kò sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni. Ìyá kan di irun rẹ̀ tán níwájú dígí, ó wá ń di bọ́tìnnì kóòtù ọmọ rẹ̀ tó ń lọ, ó ṣi bọ́tìnnì kan dì, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kámẹ́rà náà kò sì kúrò lára ìka rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ìyá, ó ti tó." Ìyá náà ṣì dì í dé ọrùn. Ibẹ̀ ni ariwo gbọ̀ngàn náà ti kọ́kọ́ rọlẹ̀. Otília kò wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ìyá arúgbó náà ṣe ń mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gun òkè.

Lẹ́yìn náà ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin. A kò rí ọkọ̀ náà. Òjìji rẹ̀ nìkan ló ń kọjá lójú àwọn tó dúró ń wò, ojú kan tẹ̀lé òmíràn. Ojú àwọn ará ìlú ni. Otília rántí ọjọ́ náà. Zora ti ní kí wọ́n ṣáà máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá. Igi gẹdú ni ọkọ̀ náà kó, bàtà àtijọ́ tí wọ́n fún Otília sì ń há a lẹ́sẹ̀, òun ló sì ń rò. Nísinsìnyí, ó rí ojú ara rẹ̀ lórí aṣọ funfun, ojú obìnrin tó ń wo àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n ń kó lọ, tó sì ń ro ti bàtà rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ nínú gbọ̀ngàn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í retí pé kó parí síbẹ̀. Ọkọ̀ ti lọ. Kí ló tún kù?

Ilé panápaná ló yọ.

Bó ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á nìyí. Zora ti kó ẹrù ilé sójú pápá iwájú ilé náà: àga, ìkòkò, dígí, kẹ̀kẹ́ ọmọ, perina. Ó ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n tẹrí ba bí ẹni tí ojú ń tì, kí wọ́n máa na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Ferko, tó ń ta màlúù lọ́jà Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n fi ṣe ẹni tó ń ta gbàǹjo náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọjà gbé e. Ó pòṣé sí owó tí wọ́n ní kí ẹnìkan dá, ó ní, "Ṣé ìwọ̀nba tí o níyì mọ nìyẹn?" Èèyàn kan dá a lóhùn. Ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọmọ dàgbà lórí pé ẹni tó bá ra nǹkan láìná an ti bú ọlọ́jà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ dákẹ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Wọ́n gbàgbé kámẹ́rà, wọ́n gbàgbé pé owó eré ni wọ́n dì mọ́wọ́. Vilma já dígí gbà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, ó sì gbé e sókè. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Zora kò dá wọn dúró, ó jẹ́ kí kámẹ́rà máa yà.

Gbogbo rẹ̀ ló wà lójú aṣọ funfun yìí. Kò gé ìkankan.

Bí ohùn Ferko ti jáde, ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn, nítorí àwàdà rẹ̀ dùn. Ẹ̀rín kejì kéré sí àkọ́kọ́. Ìgbà tí Vilma gbé dígí náà sókè, gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n: dígí tí ìyá ọmọ yẹn ti dúró níwájú rẹ̀ tó ń di irun ni. Ẹ̀rín kú nínú gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lójú aṣọ kò mọ̀, wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó burú tó kí ènìyàn jókòó sínú òkùnkùn, kó máa gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ tí kò ṣeé dá dúró.

Nígbà náà ni ọwọ́ Otília yọ.

Ó tú igun perina, ó ti apá bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe, bí gbogbo obìnrin agbègbè náà ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó sanwó ìyẹ́. Ó fi ìka méjì ra á wò, ó gbé e sí imú bóyá ó ń rùn. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Zora sún kámẹ́rà mọ́ ọwọ́ náà, lẹ́yìn náà ó sún un mọ́ ojú. Otília gbórí sókè, ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ọjà dẹ̀ sí, ẹnu rẹ̀ sì sọ nǹkan. Wọ́n ti yọ ohùn kúrò níbẹ̀. Ètè nìkan ló mì.

Apá Ìyá Šarlota kúrò lórí ìgbápálé náà.

Nígbà tí iná tàn, kò sí àtẹ́wọ́. Àwọn ènìyàn jókòó bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ká mọ́ ìdí nǹkan. Ferko ló kọ́kọ́ dìde, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Arábìnrin Zora, o ti fi wá ṣẹ̀sín! O ní ká tẹrí ba, a tẹrí ba. Ẹ̀ẹ̀mejì la tẹ̀ ẹ́ ba! Ibo ni ìyẹn wà?"

"Mo gé e dànù," ni Zora dáhùn láti ẹ̀yìn.

"Kí ló dé?"

"Irọ́ ni. Ibi tí ẹ ti tẹrí ba, èmi ni mo kọ ọ́. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ ṣe é."

"A ò tíì bí wa nígbà yẹn!"

"Mo mọ̀, bọ̀dá."

"Bàbá mi ò ra nǹkan kan níbẹ̀! Kò ra ṣíbí!"

"Ferko," ni Vilma wí, ohùn rẹ̀ kò sì jọ tirẹ̀, "kò sẹ́ni tó bi ẹ́ léèrè bàbá ẹ. Jókòó."

Ferko wò yíká. Kò sí ẹni tó wò ó padà, nítorí kálukú ti ń ka àwọn ohun tó wà nílé tirẹ̀ nínú ọkàn: kọ́bọ́ọ̀dù, aago ara ògiri, ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó jókòó.

Olórí ìlú, tí kò mọ ohun tí ènìyàn tún lè ṣe, bẹ àlejò pé kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá Šarlota dìde. "Ẹ ṣeun tí ẹ jókòó dé òpin," ló wí. "Ó rẹ̀ mí." Ó sì na ọwọ́ fún kóòtù rẹ̀.

Wọ́n rìn padà sílé. Ìrì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọgbà kábéèjì, èéfín àwọn ilé sì dúró sójú kan. Nígbà tí wọ́n délé, Otília bọ́ bàtà, ó wọ sálúbàtà, ó ti sálúbàtà mìíràn síwájú àlejò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ìyá Šarlota kò bọ́ bàtà. Ó dúró sórí ẹní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, bí ẹni tó wá jíṣẹ́.

"Màmá, ẹ wọlé. Màá gbé omi tíì kaná."

"Fi omi sílẹ̀. Mo fẹ́ bi ẹ́ ní nǹkan kan."

"Ẹ bi mí."

"Ibi tí o ti ti ọwọ́ bọ perina yẹn. O gbórí sókè, o sọ nǹkan. Kí lo sọ?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Otília ná, ó gbóná, ó sì rọ̀ bíi búrẹ́dì. Ó lè ní, Mo ní kí Ọlọ́run dárí jì wá. Ó lè ní òun kò rántí. Wọ́n ti yọ ohùn náà, kò sí ẹni tó lè já a nírọ́. Bó bá purọ́, ìgbà ìrúwé yóò dé. Wọn yóò tún jọ jà lórí iyọ̀. Ó wo ojú ìyá arúgbó náà, ojú tó ti di ọ̀wọ́n fún un ní ọjọ́ méjì, ó sì rí i pé bí òun bá purọ́ báyìí, ìfẹ́ ìyá yìí náà yóò di ohun tí òun rà ní gbàǹjo.

"Mo ní, 'Ó pọ̀kú.'"

"Àwọn ló ní kí o sọ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Ó kàn jáde ni."

"Ó pọ̀kú." Ìyá náà mi orí. "Ó pọ̀kú lóòótọ́."

"Màmá, ó ku nǹkan kan." Otília di etí tábìlì mú. "Perina tí ẹ fi ń bora nínú yàrá yẹn. Ìyá ìyá mi ra ìdajì ìyẹ́ inú ẹ̀ níbẹ̀. Ní gbàǹjo gan-an."

"Ti ta ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo bèèrè nígbà tí mo wà ní kékeré. Wọ́n ní ìyẹ́ ò lórúkọ."

Ìyá arúgbó náà yíjú sí ọ̀nà yàrá tó kọjú sí oòrùn. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Otília rò pé yóò sunkún, tàbí kó bú òun, ì bá sì ti dúpẹ́ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Ẹ gbé e lọ, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Màá dì í fún yín."

"Lọ síbo? Haifa?" Ẹ̀rín gbígbẹ kan kọjá lẹ́nu rẹ̀. "Ní Haifa, òógùn là ń fi bora." Lẹ́yìn náà, ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Mi ò bínú sí ẹ, Otília. Bí mo bá fẹ́ bínú, n ò ní mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sùn níbí mọ́. Bá mi pe obìnrin fíìmù yẹn, kó gbé mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Košice."

Otília pè é. Ó wọ yàrá náà, ó kó ìwọ̀nba ẹrù ìyá náà sínú àpò, kò sì wo bẹ́ẹ̀dì. Zora dé pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gba àpò lọ́wọ́ Otília, ó fi í sẹ́yìn ọkọ̀. Àfi nígbà tí Ìyá Šarlota ti jókòó sínú ọkọ̀ ni Otília tẹ̀ síwájú, tó di ilẹ̀kùn mú.

"Màmá, ìgbà ìrúwé ńkọ́?"

Ìyá Šarlota tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìgbà ìrúwé jìnnà, ọmọ mi. Ilẹ̀kùn, jọ̀ọ́. Òtútù ń wọlé."

Otília ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó ṣẹ́rí, kò sí mọ́. Otília ṣì dúró lẹ́nu ọgbà pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé lẹ́sẹ̀. Ní ilé kejì, fèrèsé ṣí díẹ̀. Vilma ni. Kò tan iná.

"Otília."

"Hẹ̀n."

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ."

Ohùn Vilma wá kéré bíi ti ọmọdé tó ń bèèrè bóyá wọn yóò nà án.

"Ibi dígí yẹn. Ṣé ó rí mi?"

"Ó rí ẹ, Vilma."

Fèrèsé náà padé.